Ilẹ̀kùn Tí Kò Lọ Síbì Kankan

Kápẹ́ńtà ni Bàámi, ní Agége. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ ṣe masters nínú ìṣètò orí ìtàgé n'Íbàdàn, wọ́n ní, "Iṣẹ́ kápẹ́ńtà náà lo tún ń lọ kọ́?" Wọ́n ti bá mi wáṣẹ́ sí fákítọ̀rì kan ní Ìkẹjà.

Mo ní ṣebí Demas Nwoko kọ́ ọ dé Paris, òun ló sì ṣètò ìtàgé fún Ọ̀mùtí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1963. Wọn ò dáhùn.

Ìgbà tó yá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi kan ilẹ̀kùn kan: kó fúyẹ́, kó ṣeé tú nínú òkùnkùn, kó má dùn-ún ké.

"Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

"Aṣọ dúdú ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ wọ́n fa téèpù yọ. Plywood tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àti híńjìsì tó ṣeé fa ọ̀pá àárín rẹ̀ yọ. Àwọn ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìwé mi.

Alẹ́ eré, wọ́n wá. Ọba wọlé, gbogbo èèyàn ń wo ọba. Bàámi ń wo ilẹ̀kùn.

"Ó ké díẹ̀," ni wọ́n wí níta. "Gbé e wá lọ́la."