Iwin Inú Lẹ́tà

Eré ọmọdé ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, mo wà ní ilé wa ní Ẹdẹ, àbúrò mi sì gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan tọ̀ mí wá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, eré yìí kò ṣí."

Ao Oni ni orúkọ eré náà, eré adẹ́rùbani kan láti Jàpáànì, tí wọ́n fi RPG Maker XP ṣe. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wọ ilé àtijọ́, ẹ̀dá olórí ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró sì ń lé wọn kiri. (Ànjọ̀nnú ni wọ́n ń pè ní oni lọ́hùn-ún, kò bá òní tàbí ọ̀nì tiwa tan.) Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, àpótí kékeré kan a yọ, kìkì àmì ìbéèrè ni ó wà nínú rẹ̀: ??????

Ara mi bù máṣọ. Mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Onílù ni bàbá wa àgbà. Wọn kì í sú láti ròyìn Tìmì John Adétóyèsè Láoyè, ọba tí ń fúnra rẹ̀ lu dùndún. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ki oríkì agbo ilé wa fún mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé, àǹtí kan nítòsí Ọjà Tìmì sì bá mi tẹ̀ ẹ́. Bàbá kú, òjò ba ìwé jẹ́. Nígbà tí mo ṣí fáìlì, àmì ìbéèrè ti gba inú rẹ̀ kan. Mo lọ bá àǹtí náà, mo sì bú u lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tún eré náà ṣe. Orúkọ àwọn fáìlì rẹ̀ ti dàrú nígbà tí a tú zip rẹ̀, eré sì ń wá wọn ní orúkọ Jàpáànì. Ó tún nílò àkójọ àwòrán àti ohùn tí wọ́n ń pè ní RTP. Mo wọ Control Panel, mo ní kí Windows máa ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bí ará Jàpáànì, mo pa á, mo tún un tàn, mo tú zip lákọ̀tun, mo fi RTP sí i. Eré ṣí! Àbúrò mi ti kígbe kí iwin tó yọ rárá.

Ẹ gbọ́, kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. ASCII, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní 1963, kò ní ju àyè 128 lọ. Àwọn ará Jàpáànì ṣe Shift_JIS tiwọn, níbi tí nọ́ńbà méjì ti sábà máa ń di lẹ́tà kan. Ẹ̀rọ tí ó bá fi ìlànà ẹlòmíràn kà á, ìsọkúsọ ni yóò kà. Mojibake ni wọ́n ń pè é: moji ni lẹ́tà, bake sì ni kí nǹkan paradà, bí iwin ti í ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí oríkì wa lórí ẹ̀rọ kan náà. Háà! Gbogbo ibi tí à wà ti di lẹ́tà Jàpáànì. Mo dá ẹ̀rọ padà sí bí ó ti wà, à sì padà, nítorí pé ó ní àyè nínú ìlànà àwọn aláwọ̀ funfun. Faransé ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò ní àyè níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ iṣẹ́ àǹtí di fáìlì lásán kí ó lè fúyẹ́, ẹ̀rọ kìlọ̀ fún mi pé àwọn lẹ́tà kan yóò sọnù. N kò kà á. Mo tẹ OK. Ẹ̀rọ sì fi nọ́ńbà àmì ìbéèrè, 63, rọ́pò wọn. Èyí kì í padà.

Ní òwúrọ̀ mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún àǹtí. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé o ṣì ní in lọ́wọ́?" A jókòó tì í láàárín àwọn oníbàárà. Ó rántí díẹ̀ nínú ohun tí ó tẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ó wà pé "?k??", ó ní ọkọ́ ni, mo ní ọkọ̀ ni. Ìlà mọ́kànlá ni ó kù tí a kò tíì mọ̀.