Omi Dúdú àti Omi Gaara

Odò kan wà ní Adjarra, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń fi èdè Faransé pè ní odò dúdú. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì kẹ́mísírì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a ní omi ìdọ̀tí ni. Lójú wọn, omi tó mọ́ gaara nìkan ni omi rere. Ìdí nìyí tí a fi máa ń sọ ìtàn àwọn adágún Adirondack, ní ìpínlẹ̀ New York, fún wọn.

Èéfín èédú ti sọ òjò ibẹ̀ di kíkan. Òjò náà fa alumíníọ̀mù yọ láti inú ilẹ̀, ó sì kó o lọ sínú adágún. Àwọn omi kan níbẹ̀ mọ́ títí dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ ẹja tán nínú wọn: alumíníọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí. Ní 1980, Charles Driscoll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé kì í ṣe gbogbo alumíníọ̀mù ló ń pa ẹja. Èyí tí oje ewé jíjẹrà ti dì mú, oró rẹ̀ dínkù jọjọ. Oje yìí kan náà ló sì ń sọ omi di pupa bíi tíì.

Àfiwé ewúrẹ́ ni a fi ń là á yé wọn. Èyí tí a so mọ́lẹ̀ kì í jẹ oko olóko. Èyí tó ń jẹ̀ kiri ni ká ṣọ́. Láti ka oríṣi méjèèjì, a ó da omi gba inú ọ̀pá tín-ín-rín kan tí hóró rẹ́sínì kún inú rẹ̀. Rẹ́sínì a gbá ajẹ̀kiri mú, a jẹ́ kí èyí tí a so kọjá. A ó wọn alumíníọ̀mù inú omi kó tó wọlé, a ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá jáde. Àyọkúrò ló kù. Ṣùgbọ́n bí omi bá pẹ́ jù nínú ọ̀pá, rẹ́sínì a bẹ̀rẹ̀ sí í já okùn àwọn tí a kò so le, ìṣirò a sì dàrú. A fẹ́ràn apá yìí jù, torí ó ń kọ́ ọmọ pé ọwọ́ ẹni tó ń wọn nǹkan wà nínú iye tó rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa pẹ̀lú. Alumíníọ̀mù wà nínú álọ́ọ̀mù tí a ń jù sínú ìkòkò kí omi lè tòrò. Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, a kó ìdọ̀tí jọ, wọn a jọ rọ̀ sísàlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, omi lè kan, alumíníọ̀mù a sì dúró sínú omi tó mọ́ gaara, ojú kò ní rí i. Ohun tí a ń bẹ àwọn ìyá wa ni pé kí wọ́n má máa fi ojú díwọ̀n álọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, kí wọ́n sì se omi náà kí ó hó, torí álọ́ọ̀mù kì í pa gbogbo kòkòrò àìsàn.