Iná Abẹ́ Ilẹ̀ Kò Fẹ́ Oníwàdùwàdù

Àbúrò mi, bí o bá pẹ́ láyé bíi tèmi, wàá rí i pé bí àṣà aṣọ ṣe ń yí ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà ń yí. Nígbà kan, ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ń pariwo jù ládùúgbò ni wọ́n ń kí ní ọlọ́lá. Ó ṣe, gbogbo wọn yí sí ínfátà. Lónìí, bí òrùlé rẹ kò bá ní sólà, ojú aláìlajú ni wọ́n á fi wò ọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ oòrùn a máa wọ̀, odò a máa fà, epo a máa wọ́n, nígbà tí ooru inú ilẹ̀, tí aráyé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá láti ìwáṣẹ̀, kì í sùn tọ̀sán tòru.

Ní Larderello, ní agbègbè Tuscany ní Ítálì, ooru omi máa ń rú jáde látinú ilẹ̀, ó sì dẹ́rù ba àwọn èèyàn ibẹ̀ débi pé Àfonífojì Sàtánì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àfi bí ọmọ aládé kan, Piero Ginori Conti, ṣe fi ooru náà yí ẹ̀rọ kékeré kan ní 1904, tí gílóòbù mélòó kan sì tàn. Mo mọ aráyé. Wọn yóò ti rí ẹ̀rín rín. Nígbà tó di 1913, ilé-iṣẹ́ iná ti dúró níbẹ̀, wọ́n sì ṣì ń rí iná lò ní ilé Sàtánì títí dòní.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti fẹnu sọ: wọ́n á lu kànga tó lè jìn tó kìlómítà 2 tàbí 3, ooru omi tó bá tú jáde ni yóò yí táábáìnì. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni kànga kan ń jẹ, o sì lè lù ú kó má mú nǹkan kan wá. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n ti ń lu ilẹ̀ Olkaria, nítòsí adágún Naivasha, láti 1956, kànga méjì àkọ́kọ́ kò sì so èso. Wọ́n padà síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ó di 1981 kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, mẹ́gáwáàtì 15, tó ṣiṣẹ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: lónìí, ooru ilẹ̀ ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 iná Kẹ́ńyà, bí ọ̀dá bá sì mú kí odò Tana, tó ń fún wọn ní iná, fà, Olkaria kò bìkítà.

Ìwọra ọmọ aráyé kò kúkú jẹ́ kí ohun rere sinmi. Ní The Geysers ní Kalifọ́níà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960, wọ́n rọ́ wọlé, wọ́n ń fa ooru ju ohun tí wọ́n ń dá padà lọ, nígbà tí àwọn ọdún 1980 sì fi ń parí lọ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Wọ́n rù ú lóòótọ́: láti 2003, páìpù tó gùn ju kìlómítà 60 lọ ló ń gbé omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ̀ wá láti ìlú Santa Rosa, kí wọ́n lè rọ ọ́ padà sínú ilẹ̀. Omi ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n ń dimú fún ló di ohun tí wọ́n ń náwó gbé.

Mo mọ̀ pé ìsun omi gbígbóná Ìkògòsì ti wá sí ọ lọ́kàn. Rọra. Omi ibẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi dígírì 38, dára fún ìwẹ̀. Ti inú kànga Olkaria ju 200 lọ. Lóòótọ́, wọ́n ti ń lu àpáta gbígbẹ ní Utah báyìí, wọ́n á là á, wọ́n á rọ omi sí i kó lè hó, àwọn ọmọ wa tó ń lu kànga epo sì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ sùúrù ló kù. Ìjọba òyìnbó tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n lu kànga 1956 ti kógbá wọlé kí iná Olkaria tó tàn. Nítorí náà, bí olóṣèlú bá ṣèlérí iná abẹ́ ilẹ̀ fún ọ, bi í léèrè ta ni yóò parí i lẹ́yìn òun, kí o sì fi ìdáhùn rẹ̀ díbò.