Al-Mushtarī Lókè Ọjà Mile 12

Bí ọ̀nà bá gbé yín gba Kòsọ́fẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ti Kétu kí ẹ dúró díẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe Ìkòròdú, ọkọ̀ tòmátì láti Òkè-Ọya sì ń wọ́ lọ sí Mile 12. Ẹ wá gbójú sókè. Ní àwọn oṣù tí ó bá ń yọ lálẹ́, ẹ ó rí ìràwọ̀ ńlá funfun kan tí kì í ṣẹ́jú bí àwọn yòókù. Iná Èkó kò lè bò ó. Júpítà nìyẹn. Al-Mushtarī ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe ẹni tí ń rajà. Oníbàárà lókè ọjà! Orúkọ náà bá ibẹ̀ mu.

Kì í ṣe ìràwọ̀ gidi. Ayé mìíràn ni, ó ń yí oòrùn po bí tiwa. Ayé wa mọ́kànlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò fẹ̀ tó o. Ó ní òṣùpá púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Io, fi díẹ̀ tóbi ju òṣùpá tí a fi ń wá Ràmàdáánì lọ.

Ní 2011 ni NASA ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Juno lọ síbẹ̀, láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. 2016 ni ó tó dé. Ó gbé kámẹ́rà kan dání, JunoCam, kí gbogbo ayé lè rí àwòrán. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ojú kò rí yí Júpítà ká, ó sì ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Nígbà tí 2023 ń parí lọ, tí Juno fẹ́ kọjá lẹ́bàá Io, ojú kámẹ́rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ìlà wúruwùru ló kún inú fọ́tò. Mẹkáníkì wo ni yóò lọ tún un ṣe? Àṣẹ tí a fi rédíò rán láti ayé pàápàá ń lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lọ́nà.

Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣàjèjì sí ìyá ilé: wọ́n yá a níná. Ẹ̀rọ amúgbóná kan wà lára kámẹ́rà náà. Wọ́n tàn án dé òpin agbára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Dìsẹ́ńbà, Juno gba ibi tí kò ju 1,500 kìlómítà lọ sí Io kọjá, ó sì ya àwọn òkè tí yìnyín èéfín imí-ọjọ́ bò, àti pápá tí òkúta yíyọ́ ṣàn sí. Imí-ọjọ́ tí àwọn ìyá wa ń rà fún ara yíyún ni mo ń wí o!

Gbangba ni NASA fi àwọn fọ́tò náà sí. Ọmọ ilé-ìwé ní Ìkòsí tí ó bá ní fóònù lè wá wọn rí, kí ó sì tún àwọ̀ wọn ṣe fúnra rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ti ń ṣe.