Ìró Ìsàlẹ̀ Tí Ó Sọnù

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ìsọlọ̀ mọ iyì orin fújì. Àdúgbò wa ni Àyìndé Barrister kọ́ Fuji Chambers sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tí ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2010.

Ìdí nìyí tí ó fi dùn mí nígbà tí subwoofer tí a so mọ́ amplifier ilé mi kò dún rinlẹ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìwúwo rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ.

Owó kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá mi tún wáyà so ni ó fi pupa sí ojú dúdú. Bí àwọn sípíkà yòókù bá ti ń ti afẹ́fẹ́ jáde, subwoofer ń fà á wọlé. Wọ́n sì ń pa ìró ara wọn. Mo pa amplifier, mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì, mo tún fi orin kan náà sí i: ilẹ̀ mì tìtì. Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dán èyí wò. Ẹ tún gbé e sún mọ́ igun yàrá, nítorí ògiri a máa fi kún ìró ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìró ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí a bá yọ ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lára ọkọ̀, ọkọ ni ó kù: ọ̀tọ̀ ni ohun tí à ń wọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí à ń fẹ́.