Kí Kúẹ́rì Tó Jáde

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1976, ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ lọ fíìfíì ní Borno. Ìpínlẹ̀ náà gan-an kò tíì pé ọdún kan. Oṣù Kejì ọdún yẹn ni wọ́n yọ ọ́ lára North-Eastern State. Àwa àgùnbánirọ̀ tí a ń sin ilẹ̀ baba wa nígbà náà ni wọ́n kó lọ dí àlàfo. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ lọ, torí ó ti ń dé Maiduguri láti 1964. Eruku tó wà lára mi nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó rẹ́ ilé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ Gíréèdì Tuu ni wọ́n fi mí sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dúró sí lẹ́yìn tí mo sìn tán. Ọmọ Kanuri ni ọ̀gá wa, àgbàlagbà tí kì í pariwo, tó máa ń dé ṣáájú agogo. Oríṣiríṣi ni àwa tó kóra jọ sí yàrá olùkọ́: Kanuri, Shuwa, Babur, Marghi, Ìgbò, Yorùbá, títí kan àwọn ará Ghana àti Íńdíà. Níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ báyẹn, òfófó kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá wọlé tọ ọ̀gá lọ pé lágbájá sọ báyìí, lágbájá ṣe báyìí, kò ní jẹ́ kí o sọ ọ́ tán. Yóò kọjú sí ìránṣẹ́ ẹnu ọ̀nà, yóò sọ ní Hausa pé, “A kira shi.” Kí wọ́n lọ pe ẹni náà wá. Ìwọ tí o gbé ọ̀rọ̀ dé yóò wá dúró níbẹ̀, òógùn á bò ọ́, títí tí o fi máa tún un sọ lójú ẹni tí o ń sọ ọ́ lẹ́yìn. Mo rí ẹnìkan tó tọrọ ààyè pé òun fẹ́ lọ mu omi; a kò tún rí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Kí sáà yẹn tó parí, ẹsẹ̀ àwọn olófòófó ti já kúrò ní ọ́fíìsì ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ kúẹ́rì ni mo fẹ́ sọ gan-an. Olùkọ́ ìṣirò kan ń pẹ́ dé, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní yọjú. Igbákejì ọ̀gá ti tẹ kúẹ́rì sílẹ̀, ó ku kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Ọ̀gá ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò, ó ní kí n tẹ̀lé òun nírọ̀lẹ́. Gwange ni ọkùnrin náà ń gbé. Àwọn aládùúgbò ló sọ fún wa pé ilé ìwòsàn ló ń sùn. Yírunyírun, tó máa ń jà lápá ibẹ̀ nígbà tí ooru bá mú lẹ́yìn ọyẹ́, ti dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Orí ẹní ni a bá a, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi bírò pupa máàkì wọn. Ọ̀gá kò mẹ́nu ba ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ rárá. Ó béèrè ọmọ, ó béèrè owó oògùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pín iṣẹ́ ọkùnrin náà fún wa, ó sì fúnra rẹ̀ mú kíláàsì tó le jù. Igbákejì ló sọ fún wa nígbà tó yá pé gbogbo ohun tí ọ̀gá bá òun sọ kò ju èyí lọ: ká tó fi ìwé bi èèyàn, ká fi ẹnu bi í ná.

Kì í ṣe pé ojú àánú ló ń fi wo gbogbo nǹkan o. Ẹnìkan fọwọ́ kan owó ìdánwò àwọn ọmọ. Ọ̀gá gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán pátápátá, ó sì fà á lé iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Bí ààwẹ̀ bá dé, ó máa ń ṣí yàrá kan sílẹ̀ fún àwa tí a kò gbààwẹ̀ ká lè rí ibi jẹun. Bí Kérésìmesì bá sì kù díẹ̀, àwọn Mùsùlùmí á gba iṣẹ́ wa ṣe ká lè tètè wọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tí ìjà ẹ̀sìn Maitatsine bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Bulunkutu ní oṣù Kẹwàá 1982, ilé àwọn olùkọ́ tó ń gbé lápá ibẹ̀ ni ọ̀gá kọ́kọ́ yà sí kó tó ṣí ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí àwọn náà ń múra láti di olùkọ́, ń wo gbogbo rẹ̀.

Mo ti padà wálé tipẹ́ kí n tó gbọ́ nípa agbẹjọ́rò kan, Zannah Mustapha, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Future Prowess sílẹ̀ ní Maiduguri ní 2007 fún àwọn ọmọ òrukàn. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ogun Boko Haram dé ní 2009, ó gba ọmọ sójà tó kú, ó gba ọmọ agbébọn tó kú, wọ́n jọ ń jókòó sí kíláàsì kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló tì nígbà náà. Tirẹ̀ kò tì. Ní 2017, àjọ UNHCR fún un ní ẹ̀bùn Nansen. Àwọn oníwèé ìròyìn fẹ́ràn láti sọ ipa tó kó nínú bí wọ́n ṣe tú àwọn ọmọbìnrin Chibok sílẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni èmi ń rò. Human Rights Watch sọ ní 2016 pé ó kéré tán, olùkọ́ 611 ni wọ́n ti pa ní àríwá ìlà-oòrùn láti 2009, tí nǹkan bí 19,000 sì sá kúrò nílé. Kí olùkọ́ tó mọ èyí wọ kíláàsì, kó kọ́ ọmọ agbébọn ní ABD láìfi ikú ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í, owó oṣù nìkan kò lè ṣe é. Ẹni tó ń darí wọn gbọ́dọ̀ ti ń bá àwọn náà lò bí èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga ọ̀gá lónìí, bóyá ní Maiduguri ni o, bóyá ní Ìkirè, mo mọ̀ pé WhatsApp ti mú kí kúẹ́rì rọrùn láti fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe olùkọ́ yín ná, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ wá ilé rẹ̀ lọ.