Èédú tí ó Rán Wa Lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́

Èédú ni ó rán wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ojú kò tì wá láti sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni ó ń mú kí ọkàn wa dá wa lẹ́bi nísinsìnyí.

Ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí ìlú Ìlọrin, igi òrí ni bàbá wa máa ń gé, nítorí pé igi náà le, èédú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nínú iná. A ó to igi jọ, a ó fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, a ó sì máa ṣọ́ iná rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá kó àwọn àpò náà lọ sí Èkó, ìyá wa yóò yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n igi tí a fi ọjọ́ kan gé, ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí irú rẹ̀ tó kọ́kọ́ so. Àwọn ìyá tí ń ṣe òrí mọ èyí dáradára. Àwọn mìíràn sì wà tí kò lè fọhùn, tí igi jẹ́ ilé àti oúnjẹ fún: oyin, ẹyẹ àti àdán. Ẹ jẹ́ kí a wo àdán nìkan. Ní òru ni òdòdó pupa igi irúgbá máa ń ṣí. Àdán ni ó ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀, tí ó sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti orí igi kan dé òmíràn, kí igi lè so. Ẹni tí ó bá gé ibùsùn àdán, irú inú ọbẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń bù kúrò.

Ẹnìkan lè wí pé ìjọba ti ya igbó sọ́tọ̀ fún ẹranko. Òtítọ́ ni. Ọgbà ẹranko ti Káínjì, tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1979, wà lára ibi díẹ̀ tí kìnnìún ṣẹ́kù sí ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n adágún odò tí ìdídò 1968 dá sílẹ̀ pín in sí méjì, Borgu ní apá kan, Zugurma ní apá kejì. Bí ooru ayé ti ń pọ̀ sí i, tí òjò kò sì dúró lójú kan mọ́, ó yẹ kí ẹranko lè ṣí lọ sí ibi tí omi àti koríko wà. Bí a bá tú gbogbo ilẹ̀ tí ó yí ọgbà náà ká sí ìhòòhò, níbo ni wọn yóò gbà?

Ní ìsinmi tí ó kọjá, a sọ gbogbo èyí fún bàbá wa. Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì bi wá pé, "Ọmọ mi, kí ni a ó fi rọ́pò owó náà?" A kò rí èsì tí ó kún tó fún wọn. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Síbẹ̀, wọ́n gbà pé àwọn ọ̀dọ́ igi òrí tí ó bá hù ní ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi, àwọn kò ní fi àdá kàn wọ́n mọ́.

Láìpẹ́, a ó rán olúkúlùkù wa lọ sí abúlé láti kọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn jáde kúrò nínú iyàrá ẹ̀kọ́, kí wọn ka àwọn ọ̀dọ́ igi oko baba wọn, kí wọn sì mọ ẹni tí ń gbé lórí àwọn àgbà igi. Méje ni àwa kà kí a tó padà wá síhìn-ín. Nígbà tí wọn yóò bá fi so, bóyá ewú yóò ti hù lórí wa.